Màlúù mi ò ṣàìsàn, kí ni mo fẹ́ fi abẹ́rẹ́ E. coli ṣe?

Ìbéèrè tó wọlé rèé: “Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Màlúù bíi 400 ni mò ń bọ́ pa lẹ́ẹ̀kan. Ilé ìpẹran tó ń rà wọ́n lọ́wọ́ mi ti ránṣẹ́ pé láti ìgbà tó ń bọ̀, àwọn fẹ́ kí n máa gún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà E. coli O157. Mi ò rí ìdí ẹ̀. Ọjọ́ tí màlúù bá ti dé ni mo ti ń gún un ní abẹ́rẹ́ alápapọ̀ méje, mo sì ń fi ti ẹ̀dọ̀fóró kún un. Kò sí èyí tó ń yàgbẹ́ gbuuru nínú wọn, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń sanra. Ṣé abẹ́rẹ́ méje yẹn ò ká E. coli ni? Ṣé tuntun yìí ò ní dá ẹran mi padà sẹ́yìn? Tí mo bá sì gún un lẹ́ẹ̀kan, ṣé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn?”

Ẹ kú iṣẹ́ náà. Ohun tó ń dùn yín yé mi: wọ́n ní kí ẹ náwó sórí àìsàn tí ẹ ò rí, lára ẹran tí ara rẹ̀ le koko. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́ pọ̀ ni pé gbogbo abẹ́rẹ́ tí ẹ ti ń gún láti ọjọ́ yìí, nítorí màlúù lẹ ṣe ń gún un. Èyí tí wọ́n ń béèrè yìí, nítorí ẹni tó máa jẹ màlúù ni. Màlúù kọ́ ló ń dáàbò bò: kòkòrò inú ìfun màlúù ni E. coli O157, ènìyàn ló sì ń ṣe léṣe. Tí èyí bá ti yé yín, ìyókù ò ní ṣòro: ìdí tí ẹ ò fi rí àìsàn kankan, ìdí tí ẹni tó gún àwọn kan tó fi àwọn kan sílẹ̀ nínú agbo kan náà fi ń fi owó rẹ̀ ṣòfò, àti ìdí tó fi yẹ kí ẹ bá ilé ìpẹran jókòó sọ̀rọ̀ owó kí ẹ tó ra ìgò kan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ti abẹ́rẹ́ méje. Méje tó wà nínú orúkọ rẹ̀, ìdílé kòkòrò kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti wá, ìdílé Clostridium. Inú ilẹ̀ àti inú ìfun ni wọ́n ń gbé. Àwọn ló ń mú kí itan màlúù wú lójijì kí ẹran ara ibẹ̀ sì dúdú, àwọn ló ń pa èyí tó sanra jù nínú agbo mọ́jú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i kó ṣàárẹ̀. Nínú abẹ́rẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, kòkòrò Mannheimia haemolytica ló sábà máa ń wà níbẹ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú Pasteurella multocida. Oró kan wà tí Mannheimia fi ń pa àwọn sójà ara tó ń ṣọ́ ẹ̀dọ̀fóró. Oró yẹn ni abẹ́rẹ́ náà ń kọ́ ara màlúù láti dí. Kò sí èyí tó mọ O157 rí nínú gbogbo wọn. Àjẹsára ò dà bí oògùn apakòkòrò tó lè gbá oríṣiríṣi kòkòrò lọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ẹni tí a bá fi han ara nìkan ni ara máa mọ̀.

Ó tún ku ìdàrúdàpọ̀ kan. Àwọn mìíràn á ní àwọn ti ní abẹ́rẹ́ E. coli nílé, wọ́n á sì gbé ìgò rẹ̀ jáde. Ẹ ka ara ìgò náà. Tí ẹ bá rí K99 níbẹ̀, ti ìgbẹ́ gbuuru ọmọ màlúù ni. Abo màlúù tó lóyún ni wọ́n ń gún, kí wàrà àkọ́kọ́ tó máa fún ọmọ lè dáàbò bò ó ní ọjọ́ mélòó kan tó kọ́kọ́ lò láyé. Kò kan màlúù àbọ́pa, kò sì kan O157. Orúkọ ló jọ orúkọ. Ìfun èmi àti ẹ̀yin náà kún fún E. coli tí kì í ṣe wá ní nǹkan kan. O157:H7 jẹ́ ọ̀kan péré láàárín wọn. O àti nọ́ńbà rẹ̀ ń sọ irú aṣọ tó wọ̀ sára, H ń sọ irú ìrù tó fi ń lúwẹ̀ẹ́.

Kí ló wá dé tí kì í fi í ṣe màlúù ní nǹkan kan? Oró tí kòkòrò yìí ń tú jáde, tí wọ́n ń pè ní Shiga, kì í ráyè wọ inú sẹ́ẹ̀lì àfi tó bá rí ohun kan dì mú lára rẹ̀. Ohun ìdìmú yẹn, Gb3 lorúkọ rẹ̀, wà lára àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín inú kíndìnrín ènìyàn. Iṣan ẹ̀jẹ̀ màlúù ò ní in. Nítorí náà, kòkòrò kan náà tó ń gbé lára màlúù bí àlejò jẹ́jẹ́, tó bá dé inú ọmọ ọdún mẹ́ta, inú rírun ló fi ń bẹ̀rẹ̀, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ á tẹ̀lé e, lára àwọn kan kíndìnrín á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáṣẹ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí i. Kòkòrò tí kò tó 100 ti tó láti fa gbogbo èyí. Ìgbẹ́ tó lè gbé iye yẹn kéré débi pé ojú ò lè rí i lára ẹran.

Ọdún 1982 ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n sí ohun tó ń dá ènìyàn dùbúlẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Oregon àti Michigan ní Amẹ́ríkà, lára àwọn tó jẹ hámbọ́gà. Ní 1993, hámbọ́gà tí kò jinná dáadáa mú ènìyàn tó ju 700 lọ ní ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà, ọmọdé 4 sì kú. Ọdún tó tẹ̀lé e ni ìjọba ibẹ̀ kéde pé ẹran lílọ̀ tí wọ́n bá ti rí O157:H7 nínú rẹ̀ kò ṣeé tà mọ́; ní 2012 wọ́n fi oríṣi mẹ́fà mìíràn tó jọ ọ́ kún un. Kì í sì í ṣe ẹran nìkan. Ní Walkerton ní Kánádà lọ́dún 2000, òjò ńlá gbé ìgbẹ́ màlúù wọ kànga tí ìlú ń mu, ó lé ní 2,000 ènìyàn tó ṣàìsàn, 7 sì kú. Ìdí tó fi jẹ́ ẹran lílọ̀ ló ń ba alápatà lẹ́rù jù ni pé ìgbẹ́ ara awọ ni ọ̀bẹ máa ń gbé sára ẹran nígbà tí wọ́n bá ń bó o. Lára ẹran tó wà lódindi, òde ni kòkòrò máa wà, iná á sì tètè kàn án. Tí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́, òde ti di inú, ẹran ọ̀pọ̀ màlúù sì ti dàpọ̀ mọ́ra nínú ẹ̀rọ kan.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sínú ọgbà yín. Ibi tí O157 fẹ́ràn jù lára màlúù ni sẹ̀ǹtímítà mélòó kan tó kẹ́yìn ìfun, níbi tí ìgbẹ́ ti fẹ́ bọ́ síta. Ibẹ̀ ló máa ń lẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ló ti ń bí sí i, gbogbo ìgbẹ́ tó bá ń kọjá á sì gbé díẹ̀ dání. Màlúù kan lè máa tú u jáde fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó dáwọ́ dúró, kó tún kó o padà lára ẹni tó dúró tì í. Wọ́n ń kó o nínú ọpọ́n omi, nínú oúnjẹ tí ìgbẹ́ ta sí, àti nígbà tí wọ́n bá ń fi ahọ́n lá ara wọn. Ìgbà ooru ló máa ń pọ̀ jù. Àwọn kan tún wà tí gíráàmù kan péré nínú ìgbẹ́ wọn ń gbé kòkòrò tó lé ní 10,000. Àwọn wọ̀nyí kì í pọ̀ nínú agbo, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wọn ni èyí tó pọ̀ jù nínú kòkòrò inú ọgbà ti ń wá. Ẹ ò lè fojú dá wọn mọ̀. Wọ́n ń jẹun bí ẹgbẹ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò ìgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ò fi lè fi yín lọ́kàn balẹ̀: èyí tí kò ní i lónìí lè ní i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Oríṣi àjẹsára méjì ló ti rí ìwé àṣẹ fún iṣẹ́ yìí. Èyí tí Kánádà fọwọ́ sí ní 2008, ohun tí kòkòrò fi ń lẹ̀ mọ́ ìfun ló dojú kọ. O157 gbọ́n ní ọgbọ́n kan tó jọni lójú: kì í dúró de ìfun kó fún un ní ìjókòó, ó máa ń gbé àpótí tirẹ̀ wá. Ó ní ohun kan lára bí ẹnu síríńjì, òun ló fi ń gún sẹ́ẹ̀lì ìfun, á ti èròjà kan tí wọ́n ń pè ní Tir wọ inú rẹ̀, Tir á yọ orí síta lára sẹ́ẹ̀lì, kòkòrò á wá so ara rẹ̀ mọ́ ọn. Tí ara màlúù bá ti mọ Tir àtàwọn èròjà tó ń bá a rìn, á dí wọn, kòkòrò ò ní ríbi jókòó, ìgbẹ́ á gbá a lọ. Èkejì, tí Amẹ́ríkà fún ní ìwé àṣẹ onígbà díẹ̀ ní 2009, ọ̀nà ọ̀fun ló gbà. Kòkòrò ò lè bí sí i láìrí áyọ́ọ̀nù, èròjà kan náà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ́n. Àjẹsára yìí ń kọ́ ara láti dí àwọn ẹnu ọ̀nà tí kòkòrò ń gbà fa áyọ́ọ̀nù wọlé, ebi á sì mú un. Òkú kòkòrò tàbí èròjà ara rẹ̀ ló wà nínú àwọn méjèèjì, kò sí alààyè níbẹ̀, nítorí náà abẹ́rẹ́ náà ò lè kó O157 ran màlúù tí kò ní i.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́ tó? Mi ò ní tàn yín: ẹ má retí òdo. Nínú ìdánwò tí wọ́n ti ṣe nínú ọgbà ńláńlá, ohun tó ń jáde nígbà tó bá dáa ni pé iye màlúù tó ń tú kòkòrò náà jáde á dín sí nǹkan bí ìdajì, àwọn tó ń tú u lọ́pọ̀ yanturu á sì dín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú tèmi, ti àwọn kejì yìí ló já mọ́ nǹkan jù, torí àwọn ló ń ba ti ẹgbẹ́ wọn jẹ́. Ṣùgbọ́n ìdajì tó kù ṣì wà níbẹ̀. Àwọn oríṣi mẹ́fà tí mo dárúkọ lókè náà, ẹ ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé àjẹsára O157 ká wọn. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹran tí a gún ti mọ́ tónítóní, ọjà ló ń tà.

Ẹ̀ẹ̀kan ò tó, kò sì sí àbùjá níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì ni, tàbí ẹ̀ẹ̀kẹta, gẹ́gẹ́ bí ìwé tó bá ìgò wá bá ṣe wí, pẹ̀lú nǹkan bí ọjọ́ 21 láàárín ọ̀kan sí èkejì. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kàn ń fi ojú ọ̀tá han ara ni. Ìkejì ló ń mú kí ara dìde dáadáa, ìkẹta sì ń lé e sí i. Ọjọ́ tí ẹran ń lọ sílé ìpẹran ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kí ẹ máa kà á wá sẹ́yìn. Ká ní ọjọ́ 120 lẹ fi ń bọ́ wọn. Tí ẹ bá gún àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 28, ìkejì bọ́ sí ọjọ́ 49, ìkẹta sí ọjọ́ 70, ọjọ́ 50 á sì wà láàárín ìgbẹ̀yìn àti ọjọ́ tí wọ́n máa pa á. Ẹ wo ọjọ́ ìdádúró tó wà lára ìgò dáadáa, ìyẹn iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kí wọ́n tó pa ẹran: 21 ni ti ọ̀pọ̀ àjẹsára màlúù ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n àwọn kan tí wọ́n fi òróró pò máa ń tó 60. Tí tiyín bá jẹ́ 60, ètò tí mo ṣe yìí ò bá a mu nìyẹn, ẹ ní láti tètè bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ 28. Kí ẹ má sì tìtorí èyí gún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Màlúù tó rìnrìn àjò jìnnà, tí kò mumi, tí wọ́n kó pọ̀ mọ́ àjèjì, ara rẹ̀ ò ráyè kẹ́kọ̀ọ́ kankan lọ́jọ́ yẹn.

Gbogbo agbo tó wà nínú ọgbà kan lẹ gbọ́dọ̀ gún. Ọ̀ràn kòkòrò yìí, ti àwọn tó jọ ń mumi nínú ọpọ́n kan ni. Tí 100 bá wà nínú ọgbà tí ẹ gún 50, àwọn 50 tí ẹ fi sílẹ̀ á máa tú u sí ilẹ̀ tí àwọn tí ẹ gún ń sùn lé, awọ gbogbo wọn á sì rí bákan náà nígbà tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ alápatà. Tí owó ò bá ká gbogbo ọgbà, ó sàn kí ẹ gún ọgbà kan tán pátá kí ẹ fi òmíràn sílẹ̀ pátá ju kí ẹ pín in káàkiri lọ. Ẹ má sì kó màlúù tuntun tí wọn ò gún wọ àárín àwọn tó ti parí tiwọn.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù ni ẹ̀gbẹ́ kírọ́ọ̀ṣì, irin tí ẹ ń há màlúù mọ́ láti gún un. Láàárín 2°C sí 8°C ni ìgò gbọ́dọ̀ wà láti fíríìjì títí dé ẹnu abẹ́rẹ́. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ooru ń ba àjẹsára jẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé dídì burú fún irú èyí ju ooru díẹ̀ lọ. Ìgò tó bá fara ti yìnyín gan-an nínú kúlà tó sì dì, èròjà tí wọ́n fi pò ó á tú, kò sì ní padà dà bí ti tẹ́lẹ̀ bí ó ti wù kí ẹ gbọ̀n ọ́n tó. Ẹ fi aṣọ tàbí páálí sáàárín yìnyín àti ìgò. Ẹ máa yí ìgò lójú dé kí ẹ tó fà á àti láàárín iṣẹ́, torí ohun tó wúlò níbẹ̀ máa ń rọ̀ sísàlẹ̀: tí ẹ ò bá yí i, àwọn àkọ́kọ́ á gba omi lásán, àwọn ìkẹyìn á gba èyí tó le jù. Abẹ́rẹ́ tí ẹ fi gún màlúù kò gbọ́dọ̀ padà wọ ìgò. Abẹ́rẹ́ tó mọ́ kan ni kó máa wà lẹ́nu ìgò. Ìgò tí ẹ bá ṣí, ẹ lò ó tán lọ́jọ́ náà, kí ẹ da ìyókù nù.

Ọrùn ni kí ẹ gún, níwájú èjìká, lábẹ́ awọ. Ẹ má gún itan tàbí ìdí, torí ibi tí wọ́n ti ń gé ẹran olówó ni, àpá abẹ́rẹ́ sì máa ń yí ẹran ibẹ̀ padà títí wọ́n á fi gé e. Ẹ fi ọwọ́ kan fa awọ ọrùn sókè kó dà bí àgọ́ kékeré, kí ẹ ti abẹ́rẹ́ bọ ìsàlẹ̀ àgọ́ náà. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 16 tàbí 18 tí kò gùn ju mílímítà 20 lọ ló dáa; èyí tó gùn jù á kọjá awọ wọnú ẹran. Tí ìgbẹ́ tútù bá wà níbẹ̀, ẹ wá ibòmíràn lára ọrùn, torí abẹ́rẹ́ tó gba inú ìgbẹ́ kọjá á kó o wọlé, eéwo ló sì máa bí. Tí ẹ bá ń gún oògùn méjì lọ́jọ́ kan, ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 10 sáàárín ibi tí ẹ gún. Ẹ pààrọ̀ abẹ́rẹ́ lẹ́yìn màlúù 10 sí 15, kí ẹ sì jù ú nù kíá tó bá ti tẹ̀. Ẹni tó bá tún un nà lò ló ń dá sínú ọrùn màlúù. Tó bá wá dá sínú rẹ̀ tí ẹ ò rí i yọ, ẹ kọ nọ́ńbà etí màlúù náà sílẹ̀, kí ẹ sì sọ fún ilé ìpẹran; ẹ má dákẹ́.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi mọ̀ bóyá àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ń gún un lóòótọ́. Ká ní mílílítà 2 ni ti màlúù kan, tí ìgò sì jẹ́ mílílítà 100. Màlúù 50 ló gbọ́dọ̀ gbẹ ẹ́. Tí 50 bá kọjá tí mílílítà 10 ṣì kù nínú rẹ̀, ó lè jẹ́ pé 5 ò gbà rárá, ó sì lè jẹ́ pé síríńjì ń fa atẹ́gùn dípò oògùn. Tí ìgò bá gbẹ ní màlúù 44, ó lè jẹ́ pé síríńjì ń tú ju mílílítà 2 lọ, tàbí pé apá kan dà sórí irun tí wọ́n sì tún màlúù náà gún: abẹ́rẹ́ wọlé ní ẹ̀gbẹ́ kan àgọ́ awọ, ó yọ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ kà á ní ìgò kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ní ìrọ̀lẹ́. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fa omi sínú síríńjì kí ẹ tú u sínú ife ìwọ̀n bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá, kí ẹ wò ó bóyá 20 pé, kí ẹ sì jẹ́ kí omi náà ro tán kúrò nínú rẹ̀ kí oògùn tó wọ ibẹ̀. Ẹ má fi oògùn apakòkòrò tàbí ọṣẹ fọ inú síríńjì àjẹsára. Omi gbígbóná ni.

Ní ti bóyá á dá wọn padà sẹ́yìn, ìdáhùn mi ni pé díẹ̀, tí ẹ bá ṣe é lọ́nà tó tọ́. E. coli, Salmonella, Mannheimia, Pasteurella àti Histophilus, ẹ̀yà kan náà ni gbogbo wọn, ẹ̀yà tí awọ ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní oró nínú. Oró yẹn máa ń wà nínú àjẹsára wọn náà. Ọ̀kan lọ́jọ́ kan, màlúù lè gbóná díẹ̀, kí oúnjẹ rẹ̀ fà sẹ́yìn fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Tí ẹ bá kó mẹ́ta irú wọn jọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ní ọ̀sán tí oòrùn mú, ẹ lè rí èyí tó ń gbọ̀n, tó ń mí gúlegúle, tó dùbúlẹ̀ tí kò fẹ́ dìde. Ẹ má jẹ́ kó ju méjì lọ lọ́jọ́ kan, ó sì sàn kó jẹ́ ọ̀kan. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ ṣe é. Kí adirẹnalíìnì wà nítòsí, kí dókítà ẹran yín sì ti kọ ìwọ̀n rẹ̀ sára ògiri kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, torí ẹran tí àjẹsára bá gbòdì lára rẹ̀, tí ìpéǹpéjú rẹ̀ wú, tí itọ́ ń ho lẹ́nu rẹ̀, kì í fún yín láyè láti lọ wá nọ́ńbà fóònù. Ìdádúró tó kù, ti kírọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ ni: ẹ̀ẹ̀mẹta tí ẹ kó wọn jáde, ẹ̀ẹ̀mẹta ni oúnjẹ wọn máa fà sẹ́yìn. Tí ẹ bá lè so ó mọ́ ọjọ́ tí ẹ ti fẹ́ kó wọn jáde tẹ́lẹ̀, ẹ ti gba díẹ̀ padà nínú rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù, òun gan-an ló sì mú kí ọ̀pọ̀ ọgbà má fọwọ́ kan àjẹsára yìí láti ọdún tó ti jáde. Ẹni tó ń sanwó rẹ̀ kì í rí nǹkan kan gbà níbẹ̀. Màlúù tí ẹ gún ò ní sanra ju èyí tí ẹ ò gún lọ, kò ní dín ikú kù nínú ọgbà. Ilé ìpẹran àti ẹni tó ń jẹ ẹran ló jèrè rẹ̀. Nítorí náà, kò sí àṣejù nínú kí ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn pé èló ni àwọn máa fi kún owó màlúù kan, àti pé ṣé gbogbo ẹni tó ń tà fún wọn ni wọ́n ní kó gún un. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan, ẹran yín á wọ orí irin kan náà pẹ̀lú ẹran àwọn tí kò gún, ọ̀bẹ kan náà á sì kàn án. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹran yín pẹ̀lú bóyá àjẹsára náà ní ìwé àṣẹ níbi tí ẹ wà, torí kì í ṣe ibi gbogbo ló ti ń rí i rà. Tí kò bá sí, ẹ má ra èyí tí ẹnìkan gbé sínú àpò wá.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tí ẹ lè gbé síwájú ilé ìpẹran dípò rẹ̀, tàbí mọ́ ọn. Lactobacillus acidophilus, kòkòrò rere kan tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ lójoojúmọ́, ti dín O157 inú ìgbẹ́ kù nínú ìdánwò, kò sì nílò kírọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti dá a dúró, agbára rẹ̀ ò ní pẹ́ lọ. Tí oúnjẹ yín bá kún fún àṣẹ́kù ọkà tí àwọn apọntí ń tà, ẹ dín in kù ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó ṣáájú pípa, torí tó bá pọ̀ jù ó máa ń gbé kòkòrò náà sókè. Ẹ máa fọ ọpọ́n omi, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ọgbà gbẹ, ẹ má kó màlúù tí ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ ti di ìgbá lára rẹ̀ lọ. Fún àwọn alápatà ní tiwọn, omi gbígbóná àti omi tí wọ́n fi ásíìdì láktíìkì sí, tí wọ́n ń fọ́n sára ẹran lẹ́yìn tí wọ́n bó o tán, ń ṣe iṣẹ́ tí abẹ́rẹ́ kankan ò lè ṣe fún wọn. Ẹni tó ní kí ẹ gún abẹ́rẹ́ kí òun lè yọ àwọn yẹn kúrò, ẹ má bá a dá sí i. Oògùn apakòkòrò ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ẹ má pò ó mọ́ oúnjẹ ẹran tí ara rẹ̀ le nítorí O157.

Láti ọ̀nà jíjìn, mi ò lè sọ bí kòkòrò náà ṣe pọ̀ tó nínú ọgbà yín, tàbí bóyá ẹ̀ẹ̀kejì á tó yín láìdé ẹ̀ẹ̀kẹta. Ìgbẹ́ tuntun tí ẹ bá ṣà nílẹ̀ láti ọgbà kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta ní ìgbà ooru, ló lè fún dókítà ẹran yín ní nǹkan tó ṣeé dì mú. Títí dìgbà yẹn, àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ló sún mọ́ kòkòrò náà jù, yálà ẹ gún màlúù tàbí ẹ ò gún un. Kí wọ́n fi ọṣẹ fọwọ́ kí wọ́n tó jẹun, kí bàtà ọgbà má wọ inú ilé, kí wọ́n má sì mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún wá wo màlúù lẹ́bàá ọpọ́n omi.